Diabolos, Abanijẹ́ àti Èṣù: Lámèyítọ́ lórí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Kan àti Ohun tí Iṣẹ́ Ògbufọ̀ Sọ Ọ́ Dà

1.0 Ìfáárà

Ìwé sí àwọn ará Róòmù, tí ó jáde ní 1850, wà lára àwọn ìwé Bíbélì tí Samuel Ajayi Crowther kọ́kọ́ túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Odidi Bíbélì jáde ní 1884. Láti ìgbà náà ni a ti ń bá orúkọ Èṣù pàdé ní ọ̀pọ̀ ibi tí Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì ti lo ọ̀rọ̀ náà diabolos. Àríyànjiyàn tí ìpinnu yìí dá sílẹ̀ kò tíì tán. Àwọn oníṣẹ̀ṣe àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ àṣà ń tẹnu mọ́ ọn pé Èṣù kì í ṣe Sátánì. Àwọn oníwàásù kan sì ń dá wọn lóhùn pé ẹni tí ó bá ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì, iṣẹ́ Sátánì ni ó ń ṣe.

Orí ẹ̀sìn ni àríyànjiyàn náà dúró sí jù. Ìbéèrè tí ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kọ́kọ́ bèèrè ni èyí: irú ọ̀rọ̀ wo ni diabolos jẹ́ nínú èdè tí ó ti ṣẹ̀ wá? Ṣé orúkọ ẹ̀dá kan ṣoṣo ni, àbí orúkọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ olùṣe ni diabolos, tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn sí gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Gíríìkì, gẹ́gẹ́ bí 'abanijẹ́' ti hàn sí gbogbo ọmọ Yorùbá. Nígbà tí a fi orúkọ ẹni rọ́pò orúkọ iṣẹ́, okùn tí ó so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìbanijẹ́ já. Ohun tí ó já náà ni a ó tọpa rẹ̀ láti Athens dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́tà Látìn ni a fi kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gíríìkì àti ti Hébérù tí a mẹ́nu bà.

2.0 Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà

Ọ̀rọ̀-ìṣe diaballein ni orísun diabolē, tí í ṣe ìbanijẹ́, àti diabolos, tí í ṣe ẹni tí ń bani jẹ́. Ègé méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Èkíní ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ dia-, tí ó ń tọ́ka sí líla nǹkan kọjá tàbí pípín nǹkan níyà. Èkejì ni ballein, tí ó túmọ̀ sí kí a ju nǹkan. Fáwẹ́lì a inú ball- di o nínú bol-. Ọ̀nà àtijọ́ ni èyí tí èdè Gíríìkì, gẹ́gẹ́ bí àwọn èdè mìíràn nínú ẹbí Íńdó-Yúróòpù, ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ọmọ ìyá pọ̀ fún diabolē. Symbolon wá láti ara 'jù pọ̀', ó sì di àmì. Parabolē wá láti ara 'jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn', ó di àfiwé tàbí òwe. Hyperbolē wá láti ara 'jù kọjá', ó di àsọdùn. Ẹni tí ó bá mọ ballein nìkan kò lè ti ibẹ̀ mọ̀ pé àsọdùn ni hyperbolē. Ìlò ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn, kì í ṣe ègé ọ̀rọ̀ nìkan. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí ní ìsọ̀rí 6.0.

Ìlò diaballein tí ó jẹ mọ́ ohun tí ojú ń rí ni kí ènìyàn la omi kọjá. Láti inú pípín nǹkan níyà ni ìlò mìíràn ti wá: kí ènìyàn da àárín ẹni méjì rú. Plato lò ó bẹ́ẹ̀ ní ìparí ìwé rẹ̀ Symposium, níbi tí Socrates ti fẹ̀sùn kan Alcibiades pé ó fẹ́ da àárín òun àti Agathon rú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ọ̀rẹ́ méjì nípá, ọ̀rọ̀ ni ó sábà ń lò, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í dára. Báyìí ni diaballein ṣe di kí a ba ẹnìkan jẹ́ lójú ẹlòmíràn. Lọ́wọ́ Herodotus, ó tún lè túmọ̀ sí kí a fi ọ̀rọ̀ tan ènìyàn. Ó lò ó nígbà tí ó ń sọ bí Aristagoras ṣe kùnà láti tan ọba Sparta kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n tí ó rí 30,000 ará Athens tàn.

Ohun pàtàkì tí ó yẹ kí a fà yọ níbí ni iye ẹni tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ń bèèrè. Èébú kò ju ẹni méjì lọ: abúni àti ẹni tí a bú. Loidoria ni Gíríìkì ń pè é. Diabolē gbọ́dọ̀ ní ẹni mẹ́ta: ẹni tí ń sọ ọ́, ẹni tí a ń sọ, àti ẹni tí ń gbọ́ ọ. Herodotus fi àlàyé yìí sí Artabanus lẹ́nu nínú ìwé rẹ̀ keje. Ó ní nínú ìbanijẹ́, ẹni méjì ni ó ṣẹ̀, ẹnìkan ni a ṣẹ̀. Abanijẹ́ ṣẹ̀ nítorí pé ó fẹ̀sùn kan ẹni tí kò sí níbẹ̀. Olùgbọ́ ṣẹ̀ nítorí pé ó gbà á gbọ́ kí ó tó mọ òtítọ́. Àwọn àgbà Yorùbá dé ibẹ̀ láti ọ̀nà tiwọn nígbà tí wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

3.0 Diabolē nílé ẹjọ́ Athens

Ní Athens, diabolē jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ àti ti ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí a gbé Socrates lọ sílé ẹjọ́ ní 399 ṣáájú ìbí Kristi, gẹ́gẹ́ bí Plato ṣe kọ ọ́ nínú Apology, ó pín àwọn olùfisùn rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí wọ́n gbé e wá sílé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà kò bà á lẹ́rù tó àwọn ti àtijọ́, tí wọ́n ti kún etí àwọn adájọ́ láti ìgbà èwe wọn. Ó mẹ́nu ba eré Aristophanes. Clouds, tí a ti kọ́kọ́ ṣe ní 423, ni eré náà. Diabolē ni ó pe ohun tí ó ti pẹ́ lọ́kàn wọn yìí, ó sì ní iṣẹ́ ńlá ni láti mú un kúrò láàárín àkókò kékeré tí a fún òun. Níbí, diabolē ju ọ̀rọ̀ tí a sọ lọ. Ó tún jẹ́ àbàwọ́n tí ọ̀rọ̀ náà fi sílẹ̀ lọ́kàn olùgbọ́.

Aristotle náà wo ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ agbẹjọ́rò. Nínú apá kẹta ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀, ó to àwọn ọ̀nà tí a lè gbà mú diabolē kúrò. Ènìyàn lè sọ pé òun kò ṣe é. Ó lè sọ pé òun ṣe é, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó sì lè sọ pé ìpalára náà kò tó bí wọ́n ṣe wí. Tí ó bá ṣeé ṣe kí ènìyàn gbà pé òótọ́ ni, kí ó sì tún máa wá bí yóò ṣe mú diabolē kúrò, a jẹ́ pé irọ́ kì í ṣe dandan nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ibi kan ṣoṣo tí Májẹ̀mú Tuntun ti lo diaballein jẹ́rìí sí èyí. Lúùkù 16:1 ni, níbi tí wọ́n ti fi ìríjú kan sun ọ̀gá rẹ̀ pé ó ń fi ohun ìní ṣòfò. Kò sí ohun kan nínú ìtàn náà tí ó sọ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn.

Ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, Lucian kọ odidi àròkọ kan láti kìlọ̀ pé kí a má ṣe tètè gba diabolē gbọ́. Ó ṣàpèjúwe àwòrán kan tí ó ní Apelles ni ó yà á. Ọkùnrin elétí gbọọrọ kan jókòó, Àìmọ̀kan àti Ìfura dúró tì í. Diabolē, obìnrin arẹwà, ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú iná lọ́wọ́, ó ń fi irun wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ìlara ni ó ṣíwájú rẹ̀. Àbámọ̀ àti Òtítọ́ ni ó gbẹ́yìn. Láti inú àpèjúwe yìí ni Botticelli ti ya àwòrán tirẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Etí gbọọrọ yẹn ni kókó: láìsí olùgbọ́, kò sí diabolē.

4.0 Láti ilé ẹjọ́ dé inú Ìwé Mímọ́

Àwọn Júù tí wọ́n túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí Gíríìkì, iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Alexandria ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ni wọ́n fi diabolos túmọ̀ śāṭān ti èdè Hébérù. Śāṭān náà kì í ṣe orúkọ ẹnìkan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Alátakò ni, ìbáà ṣe lójú ogun tàbí lọ́nà ẹjọ́. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 11, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni śāṭān tí ó dìde sí Sólómọ́nì. Nínú Nọ́ḿbà 22, áńgẹ́lì Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí śāṭān lójú ọ̀nà Báláámù. Nínú Jóòbù orí 1 àti 2, àti Sekaráyà orí 3, atọ́ka Hébérù ha- wà níwájú ọ̀rọ̀ náà, èyí tí ó fi hàn pé oyè ni. Gíríìkì pa á mọ́ bẹ́ẹ̀: ho diabolos. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni Ẹ́sítérì 8:1 lédè Gíríìkì, tí ó pe Hámánì, ènìyàn tí ó ba àwọn Júù jẹ́ létí ọba, ní diabolos.

Májẹ̀mú Tuntun ni ìlò méjèèjì ti pàdé. Tímótì Kìíní orí 3 ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Ní ẹsẹ 6 àti 7, ho diabolos ni ẹ̀dá búburú tí a mọ̀. Ní ẹsẹ 11, ọ̀rọ̀ kan náà, ní ìrísí ọ̀pọ̀, ni a fi kìlọ̀ fún àwọn obìnrin kí wọ́n má ṣe jẹ́ abanijẹ́. Irú ìlò yìí tún wà nínú Tímótì Kejì 3:3 àti Títù 2:3. Ẹni tí ó gbọ́ Gíríìkì yóò rí i pé ohun tí a kọ̀ fún àwọn obìnrin náà ni iṣẹ́ tí ẹ̀dá búburú yẹn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìṣípayá orí 12 pàápàá so okùn yìí mọ́ra: lẹ́yìn tí ó dárúkọ diabolos ní ẹsẹ 9, ó pè é ní olùfisùn àwọn ará ní ẹsẹ 10.

Kì í ṣe èdè Yorùbá ni ó kọ́kọ́ já okùn yìí. Látìn yá ọ̀rọ̀ náà lò, ó pè é ní diabolus, ṣùgbọ́n Bíbélì Látìn lo ọ̀rọ̀ Látìn gan-an fún àwọn obìnrin abanijẹ́ inú Tímótì àti Títù. Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó di 'devil' lónìí ti ara diabolos wá, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń gbọ́ ìbanijẹ́ nínú rẹ̀ mọ́.

5.0 Ọgbọ́n ògbufọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Nígbà tí Bíbélì dé agbègbè wa, ọ̀nà méjì ni ó hàn gbangba jù nínú ohun tí àwọn ògbufọ̀ ṣe. Ọ̀nà kìíní ni àyálò. Haúsá lo Iblis, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti mú wá láti inú Lárúbáwá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara diabolos náà ni Iblīs ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá àtijọ́ fà á yọ láti ara gbòǹgbò kan tí ó jẹ mọ́ àìnírètí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ òtítọ́, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni ó gba aṣálẹ̀ wọlé sí Kano. Bíbélì Yorùbá náà lo àyálò nígbà tí ó kọ Sátánì.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi ẹ̀dá tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ rọ́pò. Yorùbá lo Èṣù, Ígbò lo Ekwensu, Akan lo ɔbonsam, Ewe sì lo Abosam. Ní ilẹ̀ Fọn, Lɛgba bọ́ sínú irú ìdààmú kan náà lẹ́nu àwọn míṣọ́nnárì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì ṣe pàtàkì fún ìmọ̀ ìtumọ̀. Àyálò dà bí igbá òfìfo. Òótọ́ ni pé ó sọ ìtumọ̀ àtètèkọ́ṣe nù, ṣùgbọ́n kò gba igbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìrọ́pò ń da omi sínú igbá tí ó ti kún. Èṣù tí ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kì í fi ìpín rẹ̀ dù ú níbi ẹbọ, ti ní ìtumọ̀ kí diabolos tó dé. Pé ìrọ́pò náà kò ti inú ìwà Èṣù fúnra rẹ̀ wá hàn kedere nígbà tí a bá wo òkè òkun. Ní Brazil, wọ́n so Exu pọ̀ mọ́ diabo. Ní Cuba, òrìṣà kan náà, tí wọ́n ń pè ní Eleguá, ni wọ́n so pọ̀ mọ́ Ọmọ Mímọ́ ti Atocha, èyí tí í ṣe Jésù ní ọmọdé.

6.0 Lámèyítọ́ lórí àlàyé mẹ́ta

Àlàyé kìíní wọ́pọ̀ nínú ìwàásù. Wọ́n ní níwọ̀n bí dia- ti jẹ́ 'já' tí ballein sì jẹ́ 'jù', diabolos ni ẹni tí ń ju nǹkan léraléra títí yóò fi lu ọkàn ènìyàn já. Àlàyé náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìlò àwọn òǹkọ̀wé tí a ti dárúkọ kò tì í lẹ́yìn. Ìtumọ̀ ilé ẹjọ́ ni diabolos gbé wọ inú Ìwé Mímọ́. Ìtumọ̀ jíjù ti parẹ́ lára rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èdè Yorùbá dán an wò. 'Sọ' wà nínú 'sọ òkò', ó sì wà nínú 'sọ ọ̀rọ̀', ohùn kan náà ni méjèèjì ní. A tún ń sọ pé ẹnìkan sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ẹnìkejì. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ sọ pé gbogbo olùsọ̀rọ̀ jẹ́ alókò ti fi ìjọra ìró ṣe ẹ̀rí.

Àlàyé kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbèjà Èṣù. Àwọn kan fà á ya sí è- àti ṣù, wọ́n ní ẹni tí ń ṣu nǹkan pọ̀ ni, nítorí náà òdìkejì diabolos tí ń tú nǹkan ká ni. Ìdí tí wọ́n fi ń jà lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ wọn kò mú. Àfòmọ́ è- àti ẹ̀- sábà máa ń fún wa ní ìṣe tàbí èso ìṣe: èrò láti ara rò, ètò láti ara tò, ẹ̀kọ́ láti ara kọ́. A- àti olù- ni wọ́n sábà ń tọ́ka sí olùṣe: apẹja, akọ̀wé, olùkọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fífa orúkọ ya kò lè sọ irú ẹni tí ẹlẹ́rù orúkọ jẹ́. Àṣìṣe kan náà ni ó wà lórí àga ìwàásù àti lójúbọ.

Àlàyé kẹta ni ó yẹ kí a fún ní ọ̀wọ̀ jù: ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì àti fìlà aláwọ̀ méjì. Èṣù gba àárín oko wọn kọjá, ọ̀kan rí àwọ̀ kan, èkejì rí òmíràn, ìjà sì dé. Bí a bá dúró lórí ìlò Plato, níbi tí diaballein ti jẹ́ kí a da àárín ẹni méjì rú, ìjọra wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí ó kópa. Nínú ìtàn náà, Èṣù kò sọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni létí ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí a ń sọ lẹ́yìn, kò sì sí olùgbọ́. Fìlà náà ní àwọ̀ méjì ní tòótọ́. Ẹ̀kọ́ ìtàn náà wà lórí ẹni tí ó rí apá kan tí ó sì búra pé òun rí gbogbo rẹ̀, èyí tí í ṣe àléébù elétí gbọọrọ inú àwòrán Apelles. Bí a bá fi ìtàn náà wé àwòrán yẹn, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ni wọ́n jókòó síbi tí olùgbọ́ jókòó sí.

7.0 Àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ní

A kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọ́n èdè Yorùbá. Òfófó ń tọ́ka sí gbígbé ọ̀rọ̀ kiri. Èké jẹ mọ́ irọ́ àti ọ̀dàlẹ̀, nítorí náà ó dín ju diabolē lọ, tí irọ́ kì í ṣe dandan fún. Sísọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn bá katalalia ti Gíríìkì mu dáadáa. Elénìní súnmọ́ śāṭān, nítorí pé ọ̀tá tí ń wá ìṣubú ẹni ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò pọn dandan nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Abanijẹ́ ni ó súnmọ́ diabolos jù, ìdí mẹ́ta sì ni ó wà fún un. Ìṣẹ̀dá rẹ̀ bá a mu: a-, ọ̀rọ̀-ìṣe bà...jẹ́, àti ẹni láàárín. Ó gba ẹni mẹ́ta: a ń ba Òjó jẹ́ lójú Àìná. Kò sì sọ bóyá irọ́ ni tàbí òótọ́, nítorí pé a lè fi òótọ́ ba ènìyàn jẹ́. Bí a bá lò ó jákèjádò Tímótì Kìíní orí 3, okùn tí ó já yóò so padà: kí aṣáájú má bọ́ sínú ìkẹkùn Abanijẹ́, kí àwọn obìnrin má sì di abanijẹ́. Jòhánù 6:70 náà yóò yé ni sí i. Júdásì ni a pè ní diabolos níbẹ̀, láìsí atọ́ka. Ẹni tí ó bá ka Èṣù sí orúkọ ẹ̀dá kan yóò dúró rò ó. Ẹni tí ó bá ka abanijẹ́ níbẹ̀ yóò mọ irú iṣẹ́ tí a ń sọ. Ohun tí abanijẹ́ kò lè gbé ni ìtumọ̀ dída àárín ẹni rú. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó gbé gbogbo rẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Lẹ́yìn ọdún tí ó ju 160 lọ, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kò lè pàṣẹ pé kí àwọn onígbàgbọ́ Yorùbá má ṣe lo Èṣù mọ́ nínú àdúrà wọn. Ìlò náà ti wà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì yẹ. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn ìwé atúmọ̀-èdè lè kọ Èṣù sí ọ̀nà méjì, òrìṣà lọ́tọ̀, ẹ̀dá inú Bíbélì lọ́tọ̀, kí a sọ pé nípasẹ̀ iṣẹ́ ògbufọ̀ ni èkejì ti wọlé. Àwọn tí ń túmọ̀ Bíbélì ní àtúntúmọ̀ lè dán abanijẹ́ wò, tàbí kí wọ́n lo àyálò níbi tí ó bá ṣòro. Àwọn tí ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìtúmọ̀ èdè, tí Bíbélì sì wà lára àwọn ìwé tí wọ́n sábà ń lò fún àwọn èdè wa, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìpinnu ògbufọ̀ kan ni wọ́n ń gbà gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ekwensu, ɔbonsam àti Lɛgba ń dúró de irú àyẹ̀wò yìí láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n ni èdè wọn. Ní ti Yorùbá, ohun tí diabolē túmọ̀ sí gan-an ni ó dé bá Èṣù: a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí kò sí níbẹ̀, olùgbọ́ sì gbà á kí ó tó bèèrè. Ẹjọ́ rẹ̀ kò nílò agbèjà tí yóò sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Ohun tí ó nílò ni pé kí a gbọ́ ẹnu ẹnìkejì.